Lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí, ta ló rí iṣẹ́? Ohun tí àkọsílẹ̀ lè fi han àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ní Èkó

Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá, tí ẹ sọ fún ọmọ tó ń ta káàdì pé dátà lẹ fẹ́ rà, ìbéèrè méjì péré ló máa bi yín: ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo, ti èló? Dátà ní Èkó, ohun tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn tó ń fowó ṣèrànwọ́ bá ní kí àjọ aláàánú tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ "máa lo dátà", ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé nǹkan olówó gọbọi ni, tó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó máa wọ bàálù wá. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ta ló wá? Ta ló dúró? Ta ló kúrò láàárín, kí ló sì mú un kúrò? Ibo ni àwọn tó parí wà báyìí? Alájọ tó ń yí ọjà Òyìngbò ká ní irú àkọsílẹ̀ yìí lórí káàdì: ó mọ ìyá tó dá lánàá, ó mọ èyí tí kò dá láti ọjọ́ mẹ́rin, bó bá sì di ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dé ìsọ̀ ìyá náà láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá ń gbóná nítorí pé ètò ìkọ́ṣẹ́ ti pọ̀ nílùú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá àpò owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́, LSETF, sílẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú ìlérí bílíọ̀nù 25 náírà láàárín ọdún mẹ́rin; yàtọ̀ sí owó tó ń yá àwọn oníṣòwò, ó tún ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọ̀dọ́. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ 3MTT ní 2023, èyí tó fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Láàárín àwọn ńlá wọ̀nyí ni àìmọye àjọ kéékèèké wà, ní Bàrígà, ní Múṣin, ní Ajégúnlẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń kọ́ni ní aṣọ rírán, fóònù títúnṣe, kéèkì yíyan, irun ṣíṣe. Ṣàṣà ni èyí tí kò ní bánà lára ògiri tí wọ́n kọ iye tí wọ́n ti kọ́ sí. Ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀rún méjì. Ohun tí bánà kì í sọ ni bóyá ẹgbẹ̀rún náà ti ń jẹun nídìí ohun tí wọ́n kọ́.

Ó yẹ ká béèrè, nítorí ẹ̀kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò lágbára tó bí a ṣe máa ń pariwo rẹ̀. David McKenzie, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Báńkì Àgbáyé, kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè jọ ní 2017. Ohun tó rí ni pé nínú 100 ènìyàn tí wọ́n bá fún láàyè ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọn kò tó mẹ́ta tó rí iṣẹ́ tí wọn kò ní rí bí kò bá sí ẹ̀kọ́ náà. Àwọn yòókù tó rí iṣẹ́, wọn ì bá rí i bákan náà. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bánà. N kò ní ká ti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ pa o. Ìpíndọ́gba nìyẹn, ètò kan á ṣe dáadáa, òmíràn kò ní ṣe nǹkan kan. Àjọ tí kò ní àkọsílẹ̀ ni kò ní mọ èyí tí òun jẹ́.

Kì í sì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú ìkọ́ṣẹ́ tiwa, ọ̀gá télọ̀ mọ ìyá ọmọọṣẹ́, ó mọ ilé wọn, ó mọ ẹni tó dúró fún ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, ẹbí á pé, àdúrà á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ya fọ́tò, àwọn ẹgbẹ́ á sì jẹ́rìí pé ọmọ ti gbòmìnira. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọmọ náà bá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ṣómólú tàbí tó bá tún padà sílé lọ jókòó, ọ̀gá á gbọ́. Ṣùgbọ́n àlébù kan wà níbẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ: ẹni tó gba fíríìdọ̀mù nìkan la máa ń rántí. Ọmọbìnrin tó kúrò lọ́dún kejì nítorí oyún, ọmọkùnrin tí kò rówó ọkọ̀ mọ́, èyí tí ọ̀gá sọ di ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń pọnmi tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé, gbogbo wọn kàn pòórá ni, wọ́n á ní "ó sá lọ." Àwọn àjọ òde òní jogún àlébù yìí látọ̀dọ̀ wa. Ojú tí ọ̀gá fi ń tẹ̀lé ọmọ ni wọn kò jogún.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní àjọ kan ní Bàrígà gba 100 ọ̀dọ́, 50 ọkùnrin, 50 obìnrin. Àwọn 80 ló parí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 48 ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé àjọ á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ìdá 60 nínú 100 ló ríṣẹ́, kò sì parọ́: 48 nínú 80 nìyẹn. Ṣùgbọ́n 100 ló wọlé. Bí a bá fi àwọn tó wọlé ṣe ìdíwọ̀n, ìdá 48 ni.

A kò tíì dé ibi tó ń dùn wá. Ẹ pín in sí ọkùnrin àti obìnrin: 32 nínú 50 ọkùnrin ló ríṣẹ́, 16 nínú 50 obìnrin. Iye obìnrin tó ríṣẹ́ kò ju ìdajì ti ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá dúró síbí á sọ pé "àwọn obìnrin kì í fẹ́ ṣe wàhálà," mo sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún pín àwọn obìnrin sí méjì. Àwọn 30 tí kò tíì bímọ: 26 parí, 14 ríṣẹ́. Àwọn 20 tó ní ọmọ kékeré: 8 parí, 2 ríṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ti wá hàn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́jọ náà ni ọmọ gbọ́dọ̀ wọ ilé-ìwé. Tí ìyá bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní kò ṣe déédéé. Kò sí ohun tó ń ṣe ọpọlọ ẹnikẹ́ni. Ká sún ẹ̀kọ́ sí aago mẹ́wàá, ká wá ìyá àgbà kan tó máa bá wọn mú ọmọ dání ní yàrá kejì, ká wá wo bí ìdìpọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ṣe máa rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní àìṣègbè nínú iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: ká pín iye náà títí a ó fi rí ibi tí ènìyàn ti ń jò dànù, ká sì tún ibẹ̀ ṣe. (Ìkìlọ̀ kan: 2 nínú 20 kéré. Ẹnì kan péré tó bá ríṣẹ́ lọ́la lè yí àwòrán náà padà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ìdìpọ̀ kan ṣòfin. Ẹ wo ìdìpọ̀ mẹ́ta.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá lọ́jú pọ̀ sí ni pé nọ́ńbà máa ń yí ìwà ẹni tó ń kà á padà. Bí olówó ìrànwọ́ bá sọ fún àjọ pé "mo fẹ́ kí ìdá 80 ríṣẹ́," ọ̀nà tó rọrùn jù láti débẹ̀ ni pé kí wọ́n má gba ẹni tó ṣòro. Wọ́n á gba ọmọ tó ti ní HND, tó ní lápútọ́ọ̀pù, tó ń gbé Surulere, tí ì bá ríṣẹ́ bí wọn kò tilẹ̀ kọ́ ọ. Ọmọ Mákòkó tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní JSS 3 á gba lẹ́tà pé kò sí àyè fún un. Wọ́n ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀ nìyẹn. Amẹ́ríkà ti rí èyí. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1982, tí wọ́n ń pè ní JTPA, iye àwọn tó ríṣẹ́ àti owó tí wọ́n ń gbà ni wọ́n fi ń wọn àwọn ibùdó, èyí tó bá ṣe dáadáa sì máa ń gba owó àfikún. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé, James Heckman tó gba ẹ̀bùn Nobel wà lára wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lára ohun tó jáde ni pé àwọn alábòójútó ibùdó kan máa ń yan ọjọ́ tí wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ti jáde: ẹni tó ti ríṣẹ́, wọ́n á tètè kọ ọ́; ẹni tí kò tíì rí, wọ́n á fi sílẹ̀ lórí ìwé bí ẹni tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, kó má bàa ba nọ́ńbà wọn jẹ́. Kò sí ẹni tó jalè. Nọ́ńbà ló kọ́ wọn.

Nepal gba ọ̀nà mìíràn yọ, ó sì wù mí kí àwọn tó ń fowó sílẹ̀ ní Èkó gbé e yẹ̀ wò. Níbẹ̀, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Employment Fund, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, fi owó ẹ̀kọ́ mọ́ àbájáde: apá kan owó àjọ tó ń kọ́ni kò ní jáde àfi ìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà pé ọmọ náà ń ṣiṣẹ́, ó sì ń rówó gidi níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé èyí lè mú kí wọ́n máa ṣa ẹran. Nítorí náà, wọ́n san owó tó pọ̀ jù fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ṣòro jù: owó tó wà lórí obìnrin tálákà láti inú ẹ̀yà tí àwùjọ ń yẹ̀ sílẹ̀ ju ti ọkùnrin tí kò ní ìdíwọ́ lọ. Lójú kan náà, ẹni tí olùkọ́ ń sá fún tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń wá kiri. Tiwa ní Èkó ńkọ́? Ìyá ọlọ́mọ kékeré, ẹni tí kò ní ìwé mẹ́wàá, aláàbọ̀ ara, àwọn ni ì bá gbé owó tó pọ̀ jù dání.

Ká tún béèrè ohun kan tó dà bí ìbéèrè òmùgọ̀: kí ni iṣẹ́? Ní ìparí 2020, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, sọ pé ìdá 33.3 nínú 100 ni kò níṣẹ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023, iye tí àjọ kan náà gbé jáde jẹ́ 4.1. Ẹni tó ń gbé Múṣin kò rí ọjọ́ tí iṣẹ́ rọ̀ bí òjò láàárín ìgbà náà. Ìtumọ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìníṣẹ́. Nínú ìlànà tuntun, èyí tó bá ti ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, mu, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ ti níṣẹ́. NBS fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má fi nọ́ńbà méjèèjì wé ara wọn. Nínú ìròyìn 2023 kan náà, ìdá 92.6 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nídìí iṣẹ́ tí kò ní àdéhùn lórí ìwé, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Àjọ tó bá kọ "ó ríṣẹ́" láìsọ irú iṣẹ́ ń ṣe ohun kan náà, láìsí ìkìlọ̀. Ó yẹ kí fọ́ọ̀mù béèrè wákàtí mélòó, èló lóṣù, owó ọkọ̀ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni àbí òmíràn. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti di 70,000 náírà láti 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì fi tirẹ̀ sí 85,000 lọ́dún náà. Ó kéré tán, ìdíwọ̀n kan wà níbẹ̀ tí a lè gbé owó ọmọ náà lé.

Mo dárúkọ owó ọkọ̀. Ìbéèrè tó ń gba ènìyàn là ni, kò sì sí nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù. Àjọ Harambee ní South Africa, tó ti ń so ọ̀dọ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ láti 2011, rí i nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ pé ọmọ tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà, tó ń wọ ọkọ̀ kan wọ òmíràn, ló máa ń tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá ń wo ilé ẹni kí wọ́n tó wo iṣẹ́ tí wọ́n máa fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jí láago mẹ́rin àárọ̀ ní Ìkòròdú kó tó dé Marina mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò nílò ìwádìí. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó dáńfó ti gòkè débi tó lè gbé ìdajì owó oṣù ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun náà ti là: ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ń lọ láti Mile 2 dé Marina láti oṣù kẹsàn-án 2023, aláwọ̀ pupa láti Àgbádó dé Òyìngbò láti oṣù kẹwàá 2024. Iṣẹ́ tó jìnnà sí ọmọ Àgbádó lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè má jìnnà mọ́. Àjọ tó bá mọ ibùdókọ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà ló lè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò dé inú àkọsílẹ̀ rárá. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó ní kí o fi íméèlì sí i, ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn kí ọjọ́ kìn-ín-ní tó dé. Kò sì sẹ́ni tó máa kà wọ́n. Ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá ni pé wọ́n á tún gba orúkọ lójúkojú ní ọjà, wọ́n á wá fi àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé wé àwọn tó gba orí fóònù. Ti aláàbọ̀ ara tún yàtọ̀. Ẹ bi ènìyàn léèrè pé "ṣé abirùn ni ọ́?" ẹ ó gbọ́ rárá lẹ́nu gbogbo wọn, ta ló fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn? Ìbéèrè mẹ́fà kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Washington Group, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìṣirò láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, tí kò dárúkọ àbùkù kankan: ṣé ó máa ń nira fún ọ láti ríran, bí o tilẹ̀ lo gíláàsì? Láti gbọ́ràn? Láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan? Láti wẹ̀ kó o sì múra? Láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kó yé wọn? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà, láti "kò nira" dé "n kò lè ṣe é rárá." Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa ń mọ̀ pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ gbé sí àjà kẹta ti lé ẹnì kan dànù.

Ká tó lè mọ ohunkóhun lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a gbọ́dọ̀ rí ọmọ náà. Nọ́ńbà fóònù kan kò tó. Ìlà máa ń kú ní Èkó. Ní oṣù kejì 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dí àwọn ìlà tí wọn kò tíì so mọ́ NIN, orúkọ tó wà nínú ìwé àjọ sì di òkúta. Nọ́ńbà ìyá, ti ọ̀rẹ́ kan, ti ẹnì kan ládùúgbò tí kì í kó kúrò, àwọn ló ń gbani. Bẹ́ ẹ bá pe 80, tí 45 gbé e, tí 30 nínú wọn ní àwọn ń ṣiṣẹ́, ẹ má kọ ìdá 67. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ó kéré tán 30 nínú 80 ríṣẹ́, kò sì lè ju 65 lọ. Àlàfo ńlá ló wà láàárín méjèèjì. Ìtìjú tilẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún kì í fẹ́ gbé fóònù àwọn tó kọ́ ọ.

Ìwé tó kún fún orúkọ, oyún, àìsàn àti owó oṣù ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi sórí tábìlì. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 de àjọ aláàánú náà, kì í ṣe báńkì nìkan. Kẹ́ ẹ gba ìyọ̀ǹda. Ti ọmọ tí kò tó 18, lọ́dọ̀ òbí. Kẹ́ ẹ má béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà bí kò bá sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ṣíṣe àkójọ orúkọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ tí àádọ́jọ ènìyàn wà, bó ṣe wọ́pọ̀ tó nì, kò dára.

Ohun tó kù ni ta ló máa ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú àjọ kékeré, olùkọ́ aṣọ náà ni akọ̀wé, òun náà ló ń kun fọ́ọ̀mù fún olówó ìrànwọ́ mẹ́ta tí ìbéèrè wọn kò bára mu. Owó ètò sábà máa ń jẹ́ ti oṣù méjìlá. Ká wá ẹni tí a máa kọ́, oṣù méjì. Ẹ̀kọ́, oṣù mẹ́fà tàbí méje. Ìpè oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí owó ti tán, tí akọ̀wé ti ríṣẹ́ síbòmíràn, tí kọ̀ǹpútà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó gbọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé owó láti ọjọ́ kìn-ín-ní: káàdì ìpè, owó ọkọ̀ láti dé Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ajégúnlẹ̀ lọ wá àwọn tí fóònù wọn kú, àti owó oṣù ẹnì kan fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ìlà yẹn ni olówó ìrànwọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ fa pupa lé.